Kí ni wọ́n ń pè ní "throuple"?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Tanke níbí ni mò ń gbé. Ọkùnrin témi àtiẹ̀ ti ń fẹ́ra láti ọdún tó kọjá, mo rí ọmọbìnrin míì lórí fóònù ẹ̀, mo bi í, ó ní kí n má bínú, pé "throuple" làwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ayé ti lajú. Mo wá pe ọmọ yẹn, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń jẹ́ èmi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí gan-an?
Àbúrò yín, Ìlọrin

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Inú bí mi nígbà tí mo ka lẹ́tà ẹ. Ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, three àti couple ni wọ́n lẹ̀ pọ̀: ẹni mẹ́ta tó jọ ń fẹ́ra wọn, tí gbogbo wọn mọ̀, tí gbogbo wọn sì gbà, ì báà jẹ́ obìnrin méjì ọkùnrin kan, ì báà jẹ́ ọkùnrin méjì obìnrin kan, ì báà tiẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́dún 2012 ní ìlú Tupã ní Brazil, ọkùnrin kan àtobìnrin méjì lọ ṣèwé lọ́dọ̀ nótárì (ẹni tó ń fòǹtẹ̀ lu ìwé àdéhùn) pé ìdílé kan làwọn, kó tó di pé wọ́n ní káwọn nótárì má ṣe irú ẹ̀ mọ́ ní 2018. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ o, ọkùnrin yẹn ò dá lọ. Ẹnì kan ò lè dá jẹ́ throuple, bí ẹnì kan ò ṣe lè dá jẹ́ tọkọtaya.

Àwọn kan á ní ṣebí bíi tàwọn olórogún wa náà ni. Rárá. Ilé olórogún ni mo dàgbà sí, ọjọ́ méjì méjì ni màmá mi àti ìyàálé ẹ̀ fi ń dáná fún bàbá wa, tó bá ti dalẹ́ ọjọ́ kejì màmá mi á fọ ìkòkò ọbẹ̀, á dojú ẹ̀ dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ìyàálé á wá gbé tiẹ̀ kaná. Ọkọ kan náà ni wọ́n fẹ́, wọn ò fẹ́ra wọn. Tí wọ́n bá ní kí n túmọ̀ throuple, "ìfẹ́ ẹni mẹ́ta" ni màá kọ, mi ò ní kọ orogún láé. Ṣùgbọ́n màmá mi mọ ẹni tó wà nílé kó tó wọlé, ojú gbogbo ẹbí sì làwọn àfáà ṣe so yìgì ẹ̀.

Tọkùnrin ẹ yìí ò sí nínú méjèèjì. Ó ń tan ẹ̀yin méjèèjì jẹ ni, ó wá lọ yá ọ̀rọ̀ òyìnbó fi bò ó. Pe ọmọbìnrin yẹn padà, fi pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, torí wọ́n tan òun náà ni, kì í ṣe orogún ẹ.