"Con man": irú "con" wo nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń túmọ̀ ìwé kan fún ilé iṣẹ́ wa, mo wá kan "con man". Ẹnìkan ní kí n kọ "olè". Ṣé "con" inú "pros and cons" (àǹfààní àti àléébù) náà ni? Kí ni kí n pè é?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "olè". Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i nínú ìwé. Olè ń jí nǹkan lẹ́yìn olóhun ni, àmọ́ ní ti con man, olóhun ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde gan-an nìyẹn. Ní New York, lọ́dún 1849, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní William Thompson, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ pọ̀. Á múra dáadáa, á sì kí ẹni tí kò mọ̀ rí lójú pópó bí ẹni pé wọ́n ti mọra tipẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀, á ní ṣé ẹ fọkàn tán òun débi tí ẹ lè fi aago yín sí òun lọ́wọ́ títí di ọ̀la. Wọ́n á sì bọ́ ọ fún un! Ó di gbére nìyẹn. Nígbà tó di oṣù Keje, ẹnìkan tí aago góòlù rẹ̀ tó 110 dọ́là ti bá a lọ rí i lójú ọ̀nà, ló bá ké sí ọlọ́pàá. Ìwé ìròyìn New York Herald pè é ní "Confidence Man", ọkùnrin ìfọkàntán. Nígbà tó yá, wọ́n gé "confidence" kù sí "con".

"Con" inú "pros and cons" wá láti "contra", èdè Látìnì, tó túmọ̀ sí "lòdì sí". Ti "ex-con" (ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí) sì jẹ́ gígékúrú "convict", ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi. Ọ̀tọ̀ ni ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Oníjìbìtì" ni kí ẹ kọ. "Gbájúẹ̀" dára lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgboro ni, kò bá ìwé ilé iṣẹ́ mu. "Ẹlẹ́tàn" fẹ̀ jù: ẹni tó parọ́ ọjọ́ orí fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ náà ẹlẹ́tàn ni, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá kan "he conned her", ẹ kọ ọ́ pé "ó lù ú ní jìbìtì".