Kí ni irúgbìn nílò kó tó lè hù?

Ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ ní àgbàdo tí ẹ gbìn ní Kàbà lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ìdajì rẹ̀ ni kò hù.

Nǹkan mẹ́ta ni irúgbìn nílò láti hù: omi, afẹ́fẹ́ àti ooru. Omi ló ń mú kí hóró wú, kí èèpo rẹ̀ sì là. Irúgbìn ń mí bí àwa náà ṣe ń mí, ìdí nìyẹn tí èyí tí omi bò mọ́lẹ̀ fi ń jẹrà. Ti ooru kọ́ ni tiyín. Ilẹ̀ Kàbà móoru tó.

Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Àgbàdo kò nílò rẹ̀ láti hù, oúnjẹ inú hóró ló ń jẹ lábẹ́ ilẹ̀. Ìgbà tí ewé bá yọ ni oòrùn di dandan, nítorí òun ni ewé fi ń sọ omi àti afẹ́fẹ́ carbon dioxide di oúnjẹ. Ìgbà yẹn náà ló ń fẹ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá tàbí ajílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ojú ibi tí kò hù wò. Tí ẹ bá rí hóró tí gbòǹgbò funfun tín-ín-rín ti yọ lára rẹ̀ tó sì ti gbẹ, òjò ló dá lójijì. Tó bá rọ̀ tó ń rùn, omi ló pọ̀ jù. Tí ẹ ò bá rí nǹkan kan, àparò ti hú u jẹ.

Kí ẹ tó tún un gbìn, ẹ di hóró 10 sínú aṣọ tútù fún bíi ọjọ́ 5. Tí 8 bá hù, irúgbìn yín dára.