Ọjọ́ ìbí nílé àwọn tó gbà mí lálejò ní Jámánì: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Àsàlámù aléékúmù, Ààfáà. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 19 ni mí. Berlin ni mo wà báyìí, lọ́dọ̀ tọkọtaya kan tí mò ń bá tọ́jú ọmọ, tí mo sì ń tibẹ̀ kọ́ èdè wọn. Wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n bí ọmọ ni wọ́n ń ṣe mí. Oṣù Kejìlá ni n óò pé ọdún 20. Ìyá ilé ní àwọn ti ní kí wọ́n bá wa ṣe Schwarzwälder Kirschtorte (kéèkì ṣẹ́rì ti àwọn ará Jámánì), a óò tan àbẹ́là sórí rẹ̀, àwọn ẹbí wọn yóò dé ní aago 3 ọ̀sán, wọn yóò sì ṣí ọtí wáìnì. Bàbá mi nílé ní kí n má tilẹ̀ dá wọn lóhùn. Ọmọ wọn ọkùnrin náà yóò pé ọdún 6 ní oṣù tó tẹ̀ lé e, èmi ni wọ́n sì fẹ́ kí n ṣètò eré àwọn ọmọdé. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ̀sìn wí?

Ìdáhùn: Wa aléékúmù sàlámù, ọmọ mi. Ohun tó ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé orúkọ kan ṣoṣo la fi ń pe ohun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ ọ̀tọ̀, ohun tó wà lórí tábìlì ọ̀tọ̀, ìwà tó yẹ ẹni tó gbà ọ́ sílé náà ọ̀tọ̀.

Ní ti ọjọ́ náà, nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dé Mẹ̀dínà, ó bá àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n ní ọjọ́ méjì tí wọ́n fi ń ṣeré. Ó sọ fún wọn pé Ọlọ́hun ti fi méjì tó dára jù wọ́n lọ rọ́pò rẹ̀: ọdún Iléyá àti ọdún Ìtúnu ààwẹ̀. Anas, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànábì, ló gbà á wá, ó sì wà nínú ìwé hádíìsì Abu Dawud. Ọjọ́ tó bá ń padà wá lọ́dọọdún tí a ń kóra jọ láti ṣe àjọyọ̀ rẹ̀, ọdún ni. Ìdí nìyí tí àwọn onímímọ̀ bíi Ṣéù Ibn Baz ti ilẹ̀ Saudi fi sọ pé Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ sọ ọjọ́ ìbí di àjọyọ̀. Àwọn mìíràn, tí ilé ìfátíwà ilẹ̀ Íjíbítì (ibi tí wọ́n ti ń dáhùn ìbéèrè ẹ̀sìn) wà lára wọn, ní àṣà lásán ni, kì í ṣe ìjọsìn, kò sì léèwọ̀ bí ẹ̀ṣẹ̀ kò bá wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn àkọ́kọ́ ni mo dì mú: má ṣètò rẹ̀ fún ara rẹ. Ṣùgbọ́n n kò ní pe ẹni tó tẹ̀ lé ti ìkejì ní aládàádáálẹ̀, ìwọ náà má pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Àwọn kan a tún máa mú hádíìsì ìwé Muslim wá, níbi tí Ànábì ti sọ pé ọjọ́ Àtìní ni wọ́n bí òun, ìdí nìyẹn tí òun fi ń gbààwẹ̀ rẹ̀. Ààwẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ sì ni. Kò sí kéèkì nínú rẹ̀.

Ní ti àbẹ́là, o lè gbọ́ lẹ́nu oníwàásù pé Artemis, òrìṣà àwọn Gíríìkì, ni wọ́n ń tàn án fún. Lóòótọ́ làwọn Gíríìkì àtijọ́ ń gbé àkàrà tí wọ́n to iná yí ká fún un, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tó so ìyẹn pọ̀ mọ́ kéèkì òde òní. Má fi ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ bá ẹni tó gbà ọ́ lálejò jiyàn. Ibi tí mo ti ní kí o ṣọ́ra ni kí wọ́n ní kí o dijú, kí o fẹ́ nǹkan kan lọ́kàn, kí o wá fẹ́ àbẹ́là náà pa kí ó lè ṣẹ. Ìyẹn ti wọ inú ìgbàgbọ́. Ọlọ́hun nìkan là ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ní kí ọmọkùnrin yẹn bá ọ fẹ́ ẹ, inú rẹ̀ á dùn jọjọ. Wọ́n tún gbà ní Jámánì pé ẹni tí wọ́n bá kí kú ọjọ́ ìbí kí ọjọ́ náà tó pé, aburú lè bá a. Bí wọn kò bá kí ọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe ìkórìíra. Ìwọ ṣáà má gbà á gbọ́, nítorí Ànábì sọ pé fífi nǹkan fàmì aburú, ẹbọ ni.

Wàyí o, kéèkì. Èyí gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ ká ọ lára. Schwarzwälder Kirschtorte tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ọ, Kirschwasser wà nínú rẹ̀, ọtí líle tí wọ́n fi èso ṣẹ́rì pọn. Ọtí yìí ló fún un ní ìtọ́wò tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Má gbọ́ ti ẹni tó bá ní iná ti jó o tán, torí pé ẹ̀yìn ìgbà tí kéèkì bá ti jinná tó sì ti tutù ni wọ́n ń wọ́n ọn sí i. Kíríìmù tó wà láàárín rẹ̀ náà, àwọn aṣekéèkì sábà máa ń fi gelatine mú un dì, awọ ẹlẹ́dẹ̀ sì ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní Jámánì. Lára páálí, àwọn ọ̀rọ̀ tí wàá máa wò ni Gelatine, Schmalz (ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀), Alkohol (ọtí), Rum àti Likör (oríṣi ọtí líle). Vanillezucker inú àpò kékeré kò ní wàhálà, ṣúgà ni. Bí wọ́n bá kọ vegan (pé kò sí ohun tó ti ara ẹran wá nínú rẹ̀) sára nǹkan, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kò lọ́tí.

Má dúró di ọjọ́ náà kí o tó sọ̀rọ̀. Bá ìyá ilé sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kí wọ́n tó sanwó kéèkì, ohun tí o lè jẹ ni kí o sì fi bẹ̀rẹ̀. Àṣà wọn gan-an yóò ràn ọ́ lọ́wọ́: níbẹ̀, ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí ló sábà máa ń gbé kéèkì kalẹ̀ fáwọn èèyàn. Nítorí náà, sọ pé wàá ṣe oúnjẹ àlejò fún wọn lọ́jọ́ náà, láti fi dúpẹ́ ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe ọ. Ìyẹn kì í ṣe àjọyọ̀ ọjọ́ ìbí, àlejò ṣíṣe ni. Kéèkì tó rọrùn: bọ́tà 250 gíráàmù, ṣúgà 250, ẹyin 4, ìyẹ̀fun 500, àpò Backpulver (ìyẹ̀fun tó ń mú kéèkì wú) 1, mílíìkì bíi mílílítà 200. Gbé ẹyin àti bọ́tà kúrò nínú fìríìjì ní wákàtí kan ṣáájú, torí bí ẹyin bá tutù, bọ́tà á ṣù. Fi sínú ààrò tó gbóná tó ìwọ̀n 175 Celsius fún nǹkan bíi wákàtí kan, má sì ṣí i kí ìṣẹ́jú 40 tó pé, kí àárín rẹ̀ má baà wọlé.

Ti ọtí orí tábìlì, Ànábì kọ̀ fún ẹni tó gba Ọlọ́hun gbọ́ láti jókòó síbi tí wọ́n ti ń gbé ọtí kiri. Àsìkò ìrun ló máa yọ ọ́. Ní Berlin, nínú oṣù Kejìlá, Àlàásárì máa ń wọlé kí aago 2 ọ̀sán tó lù, Màgáríbì sì ń wọlé ní nǹkan bí aago 4. Kírun Àlàásárì kí àlejò tó dé, jókòó ti kéèkì àti kọfí, kí o sì bẹ wọ́n pé kí wọ́n má ṣí wáìnì títí o fi máa dìde lọ kírun Màgáríbì. Bí wọ́n bá ṣí i ṣáájú, dìde tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ lọ bá àwọn ọmọdé. Bàbá ilé àti àwọn ọkùnrin ẹbí lè fẹ́ dì mọ́ ọ. Sọ fún ìyá ilé kó kìlọ̀ fún wọn ṣáájú, ìwọ a sì máa fi ọwọ́ sí àyà dáhùn.

Gba ẹ̀bùn wọn. Ọba ìlú Ayla tí kì í ṣe Mùsùlùmí fi ìbaaka funfun ta Ànábì lọ́rẹ, ó sì gbà á. Bí wọ́n bá kí ọ, dúpẹ́. Ọlọ́hun kò kọ oore ṣíṣe sí àwọn tí kò gbógun tì wá nítorí ẹ̀sìn, bó ṣe wà nínú Súrà Al-Mumtahanah, áyà 8. Bàbá rẹ ń ṣọ́ ẹ̀sìn rẹ ni, ṣùgbọ́n kí èèyàn má dá ẹni tó ń bọ́ ọ lóhùn kò sí lára ẹ̀sìn náà. Pe bàbá rẹ, ṣàlàyé ètò tí o ṣe fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rù ọtí àti ẹlẹ́dẹ̀ ló wà lọ́kàn wọn jù.

Ti ọmọ ọdún 6 yẹn, iṣẹ́ rẹ ni láti tọ́jú rẹ̀, òun sì ni ẹni tó ń ṣe àjọyọ̀, kì í ṣe ìwọ. Eré bíi Topfschlagen, tí wọ́n fi aṣọ di ọmọ lójú, tí ọmọ náà ń fi ṣíbí onígi wá ìkòkò, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n má gbé ọtí fún àwọn òbí tó bá wá, torí Súrà Al-Ma'idah, áyà 2, kọ̀ fún wa láti ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀. Nínú àpò kékeré tí wọ́n ń dì fáwọn ọmọ lọ sílé, súìtì rọ́bà tó ń fà ló sábà máa ń wà, gelatine sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí o bá ń ra tìrẹ, ra èyí tí wọ́n kọ vegan sí. Bí ìyá ọmọ bá ti ra tirẹ̀, jẹ́ kó fúnra rẹ̀ dì í.