Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ìtọ́jú Páìpù àti Ẹ̀rọ Omi Inú Ilé Bí Ìgbà Ṣe Ń Yí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Èmi àti ìdílé mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ilé tiwa lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a fi gba ilé gbé. Nígbà náà, bí omi bá ń jò, onílé ni a máa ń pè. Ní báyìí, àwa gan-an ti di onílé. Ẹnìkan sọ fún mi pé ó yẹ kí a máa yẹ páìpù àti ẹ̀rọ omi wò nígbàkígbà tí ojú ọjọ́ bá fẹ́ yí padà. Ẹlòmíràn ní kí n má fọwọ́ kan ohunkóhun títí yóò fi bàjẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀, kí sì ni mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ilé tuntun. Ẹni àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Bí òtútù bá mú omi títí tó fi dì, yóò wú. Bí ooru bá pọ̀, yóò gbẹ kúrò níbi tó yẹ kó wà. Bí òjò bá sì mu ilẹ̀ yó, omi ìta a máa wá ọ̀nà wọlé láti ibi tí omi ilé ń gbà jáde. Púpọ̀ nínú ìbàjẹ́ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pè mí lóru ni ó ti fi àmì hàn lójú ọ̀sán, tí kò kàn sí ẹni tó wò ó.

Àmọ́ kí ẹ tó ronú nípa òtútù tàbí òjò, ẹ lọ wá fáàfù àgbà, ìyẹn èyí tó ń ti omi gbogbo ilé pa lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, níbi tí páìpù ti wọ ilé, tàbí ní ìsàlẹ̀ táǹkì. Kò sí ohun mìíràn nínú ìdáhùn mi yìí tó ṣe pàtàkì tó èyí, kò sì yẹ kó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni yóò mọ ibẹ̀ nínú ilé. Ẹ fi han àwọn ọmọ tó bá ti dàgbà tó láti yí i. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ gígùn, tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọjú sí ibi tí páìpù kọjú sí, ó ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá dábùú páìpù, ó ti pa. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ní ọwọ́ róbótó lórí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ máa yí i kó tó tì tán, bí ẹ bá sì ṣí i dé òpin, ẹ dá a padà díẹ̀ kí ó má baà há. Ẹ máa tì í, kí ẹ sì ṣí i, ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, nítorí fáàfù tí a kò fọwọ́ kàn a máa dípẹtà mọ́ ara rẹ̀. Bí ó bá ti há, ẹ má fi sípánà gígùn fipá yí i, torí irin inú rẹ̀ lè kán, tí fáàfù náà kò sì ní lè dá omi dúró mọ́. Iṣẹ́ púlọ́ńbà nìyẹn.

Mo ti dé ilé kan rí níbi tí ọ̀pá rọ́bà kékeré tó gbé omi dé abẹ́ bésìn ti bẹ́ lóru. Ọ̀pá náà kò ju ohun tí a lè pààrọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ti fọwọ́ kan fáàfù àgbà ilé náà láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, kò sì yí. Kí n tó dé, omi ti gba gbogbo yàrá ìsàlẹ̀. Àtìgbà náà ni mo ti máa ń kọ́kọ́ béèrè fáàfù ní ilé tí mo bá wọ̀, kí n tó béèrè ohun tó bàjẹ́.

Ohun kejì tí kò ní ìgbà tirẹ̀ ni yíyẹ ìjò wò. Ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi, ẹ rí i pé kò sí ẹni tó ń lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀rọ ìfọṣọ, kí ẹ kọ nọ́ńbà ojú mítà sílẹ̀, kí ẹ sì padà wò ó lẹ́yìn wákàtí méjì. Bí ó bá ti sún, omi ń jò níbìkan. Ẹni tó ń lo táǹkì lè ti fáàfù tó ń gbé omi wọ inú táǹkì ní alẹ́, kí ó sàmì sí ibi tí omi dé, kí ó sì wò ó ní òwúrọ̀. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí, nítorí ìjò tirẹ̀ kì í dún. Ẹ kán àwọ̀ tí a fi ń pa oúnjẹ láró sínú táǹkì ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má fa omi fún ìdajì wákàtí. Bí àwọ̀ náà bá yọ nínú àwo, rọ́bà tó ń dí ìsàlẹ̀ táǹkì náà ti gbó. Ní ti ẹ̀rọ omi tó ń kán, wáṣà inú rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ. Ẹ má fojú kékeré wò ó: ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀kán 86,400 lójúmọ́, bí ẹ̀kán mẹ́rin bá sì jẹ́ mìlílítà kan, ó lé ní lítà 21 tó ń ṣòfò lójoojúmọ́.

Ní ibi tí omi ti máa ń dì nígbà òtútù, àsìkò yìí ni ó léwu jù lọ. Omi tó di yìnyín a máa fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Àwọn ènìyàn rò pé ibi tí yìnyín wà gan-an ni páìpù máa ń bẹ́ sí, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ńṣe ni yìnyín tó ń gbòòrò máa ń ti omi tó wà níwájú rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí a tì pa, tí agbára omi náà yóò máa pọ̀ sí i títí ibi tó ṣe aláìlera jù yóò fi ya. Ìdí nìyẹn tí jíjẹ́ kí ẹ̀rọ kán díẹ̀díẹ̀ ní òru tí òtútù bá mú gan-an fi ń ran páìpù lọ́wọ́: ó fún agbára náà ní ọ̀nà àbájáde. Òun náà ló fà á tí ènìyàn fi lè má mọ̀ pé páìpù ti ya títí yìnyín yóò fi yọ́.

Nítorí náà, kí òtútù tó dé, ẹ yọ ọ̀pá rọ́bà kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ ìta, ẹ ti fáàfù inú ilé tó ń fún un lómi, kí ẹ wá ṣí ẹ̀rọ ìta náà sílẹ̀ kí omi tó kù lè dà jáde. Ẹ fi fóòmù wé páìpù tó gba inú àjà, abẹ́ ilẹ̀ pákó àti ẹ̀gbẹ́ ògiri tó kọjú sí ìta. Ní òru tó bá burú, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síìǹkì kí atẹ́gùn yàrá lè dé ọ̀dọ̀ páìpù. Bí ẹ bá ń rin ìrìn àjò, ẹ ti fáàfù àgbà, kí ẹ sì ṣí ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ jù lọ títí omi yóò fi tán nínú páìpù. Bí páìpù bá ti dì, ẹ ṣí ẹ̀rọ rẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná tàbí ẹ̀rọ ìgbẹrun, ìyẹn èyí tí a fi ń gbẹ irun orí, bẹ̀rẹ̀ láti ìhà ẹ̀rọ lọ sí ibi tó dì. Ẹ má lo ẹ̀rọ ìgbẹrun níbi tí omi bá ti wà nílẹ̀. Ẹ má fi iná tó ń jó sún mọ́ páìpù láéláé. Mo bẹ̀ yín, ilé ti jóná rí nítorí rẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ooru kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Lábẹ́ síìǹkì kọ̀ọ̀kan ni páìpù ti tẹ̀ kọdọrọ, omi díẹ̀ sì máa ń dúró níbẹ̀ tó ń dí òórùn ìdọ̀tí lọ́nà. Bí a kò bá lo ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, omi náà yóò gbẹ, òórùn yóò sì gòkè wá. Ọ̀pọ̀ ti pe púlọ́ńbà nítorí òórùn tó jẹ́ pé ife omi méjì ni yóò pa á. Ẹ da omi sí gbogbo ojú ihò tí ẹ kì í lò. Bí ẹ bá fẹ́ pẹ́ lẹ́yìn odi, ẹ fi ṣíbí òróró kan lé e lórí kí ó má tètè gbẹ. Bákan náà, oòrùn a máa sọ páìpù oníke di gbẹrẹfu, nítorí náà ẹ bo èyí tó bá wà ní ìta tàbí kí ẹ kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ mímọ́lẹ̀ tí a fi omi pò. Bí koríko bá gbẹ níbi gbogbo, àmọ́ tí ibì kan tútù yọ̀yọ̀ lójú ọ̀nà páìpù, ẹ wádìí ibẹ̀.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó ewé kúrò nínú gọ́tà òrùlé, ẹ sì rí i pé omi rẹ̀ ń ṣàn kúrò ní ìpìlẹ̀ ilé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ó mọ́ páìpù ìdọ̀tí, nítorí òjò ńlá kan tó láti dá ìdọ̀tí padà sínú ilé. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, ẹ da korobá omi kan sí ihò rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá yóò tan fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń lo táǹkì ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀, kí ó jẹ́ kí wọ́n fa ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò ṣáájú òjò, kì í ṣe nígbà tí ilẹ̀ ti mumi yó, torí pé táǹkì oníke tó ṣófo lè léfòó gòkè láti inú ilẹ̀ tó kún fún omi.

Ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná náà fẹ́ ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ pa iná rẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi náà tutù, kí ẹ sì ṣí ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ti rọ̀ sísàlẹ̀ lè jáde. Ẹ má tan iná náà padà àfi tí ó bá ti kún. Kòkòrò àrùn tí a ń pè ní Legionella a máa gbilẹ̀ nínú omi tó wà láàárín 20°C sí 45°C, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbani níyànjú pé kí omi inú rẹ̀ wà ní 60°C. Omi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ lè bó ọmọdé lára láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí púlọ́ńbà fi fáàfù tó ń po omi tútù mọ́ ọn sí ọ̀nà balùwẹ̀.

Bí ojú ihò kan bá dí, ẹ kọ́kọ́ fi rọ́bà onígi tí a máa ń tẹ̀ mọ́ ojú ihò, tí a sì máa ń fà sókè, tàbí wáyà ṣe é. Kẹ́míkà tó ń la ihò lè jẹ páìpù, ó sì lè ta sójú ẹni tó bá tún wá ṣí i lẹ́yìn yín. Bí ẹ bá ti lò ó, ẹ sọ fún púlọ́ńbà kí ó tó fọwọ́ kàn án, ẹ má sì pò ó mọ́ ohun mìíràn, pàápàá bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun.

Àwọn ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ dá ṣe: ẹ̀rọ omi gbígbóná tó ń lo gáàsì, ògiri tó ń tutù tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀, àti ìdọ̀tí tó ń gòkè láti ojú ihò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ẹ dá omi lílò dúró ní gbogbo ilé, kí ẹ sì sọ fún púlọ́ńbà ojú ihò tó kọ́kọ́ kún, torí òun ni yóò fi mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó dí ọ̀nà náà.