Hard disk tó ń dún kà-kà-kà, tí desktop sì ń háńgì: ẹ má tíì fọ́máàtì nǹkan kan

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní desktop yín ń dún kà, kà, kà látinú, pé tó bá ti dún báyẹn gbogbo ẹ̀ á dúró gbagidi kó tó tún máa lọ, àti pé ẹnì kan ti ní kẹ́ ẹ lọ fọ́máàtì ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọ́máàtì nǹkan kan o. Ẹ má sì tíì pa á. Tó bá ṣì wà lórí iná báyìí, fáìlì tẹ́ ẹ ò lè fi ṣeré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó sórí fláàṣì tàbí external, iṣẹ́ oníbàárà, fọ́tò ọmọ, ìwé owó, kẹ́ ẹ fi fíìmù àti orin sílẹ̀ ná, torí hard disk tó ti ń kú lè tan lónìí kó má tan mọ́ lọ́la, ìgbà tó bá fẹ́ gbéra látorí ìdúró gan-an ló máa ń le fún un jù.

Iṣẹ́ táípù àti fọ́tòkọ́pì ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, tòkúnbọ̀ ni gbogbo desktop mi, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ sì ti fojú wọn rí màbo. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ariwo àti háńgì lè máà jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Ẹ wo bó ṣe ń háńgì. Tí máòsì bá ṣì ń rìn àmọ́ tí nǹkan tẹ́ ẹ tẹ̀ ò ṣí, tí iná kékeré iwájú kéèsì kàn tàn kalẹ̀ láìṣẹ́jú, tó wá di ẹ̀ẹ̀kan náà tí gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ ti tẹ̀ látàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọ̀ọ̀, disk nìyẹn, Windows ń dúró dè é ni. Àmọ́ tí máòsì fúnra ẹ̀ bá kú, tí orin tó ń lọ há sójú kan tó ń dún drrrrr, tẹ́ ẹ tẹ Caps Lock tí iná ẹ̀ ò yí padà, ẹ má tíì di ẹ̀bi ru disk, ẹ wo RAM, ìyẹn mẹ́mórì tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ wo ooru, kẹ́ ẹ fi MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, yẹ̀ ẹ́ wò mọ́jú.

Ariwo ńkọ́? Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kó fáìlì tán, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná tó wọ ẹ̀yìn hard disk, kẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ padà. Yóò sọ pé òun ò rí ibi tóun máa gbà tan, ẹ má dá a lóhùn. Tí ariwo yẹn bá ṣì ń dún, fáànù ni, àbí wáyà kan tó ń kan abẹ́bẹ̀ fáànù, mo ti rí i tí wọ́n ra disk tuntun tìtorí ẹ̀. Tó bá dákẹ́, disk ni. Kírí-kírí wẹ́wẹ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ò ṣe nǹkan kan. Kà-kà-kà tó ń lọ létòlétò yẹn lẹ̀rù wà níbẹ̀, orí tó ń kàwé nínú disk ló ń wá ojú ibi tó yẹ kó wà tí ò rí i, tó wá ń padà sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Tó bá wá ń ha bí irin lórí irin, ẹ fa wáyà yọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wa CrystalDiskInfo, ètò tó ń fi ìlera disk hàn, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn èèyàn máa ń rí Good aláwọ̀ búlúù tí wọ́n á lọ sùn, èmi ò gbà á gbọ́ lóun nìkan, mo ti rí Good lára disk tí ò lè ka fáìlì mọ́. Ìlà 05, C5, C6 àti C7 ni kẹ́ ẹ wò. 05 ni iye ibi tó bàjẹ́ tí disk ti fi òmíì rọ́pò, C5 ni ibi tí ò rí kà tí ò sì tíì mọ ohun tó máa ṣe sí i, C6 lèyí tó sú u pátápátá. C5 tó kúrò ní òdo tó tún ń gòkè, pẹ̀lú kà-kà-kà, disk yẹn ti ń dágbére. Tẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà láàárín nọ́ńbà ẹ má jáyà, ẹ wọ Function, Advanced Feature, Raw Values, ẹ mú 10 tó kọ DEC, yóò di nọ́ńbà lásán. Ẹ tún wọ Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, lábẹ́ System, tẹ́ ẹ bá rí disk pẹ̀lú nọ́ńbà 7 tàbí 153 ní aago tó háńgì gẹ́lẹ́, ẹ ti mọ ẹni tó jalè.

C7 ló ń jẹ́ kí wọ́n da disk tó dáa nù. Nǹkan tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà láàárín disk àti mọ́dábọ́ọ̀dù ló ń kà, nítorí náà tí 05 àti C5 bá wà ní òdo tí C7 ń gùn, wáyà SATA, èyí tó so disk mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù, lẹ máa pààrọ̀. Nọ́ńbà yẹn ò ní padà sí òdo o, ṣe ló máa dúró síbi tó wà.

Iná náà ńkọ́, ẹ̀rọ kan ní ṣọ́ọ̀bù mi máa ń dún kà-kà tá a bá ti tan jẹnẹrétọ̀ tí fọ́tòkọ́pì sì ń ṣiṣẹ́, mo gbé disk yẹn sínú ẹ̀rọ míì, ó dákẹ́ wẹ́lo. 12 volt ni mọ́tò inú ẹ̀ ń jẹ, power supply, àpótí tó ń pín iná nínú ẹ̀rọ, tí kàpásítọ̀ ẹ̀ ti wú ò lè fún un yó.

Ẹ má ṣe chkdsk /r, àṣẹ Windows tó ń yẹ disk wò, kẹ́ ẹ tó kó fáìlì, gbogbo ara disk ló máa fà, ó lè parí iṣẹ́ ikú yẹn. Ẹ má tú u, ẹ má gbé e sí fíríìsà, omi ló máa bù sí i. Tí Windows ò bá rọrùn láti kó nǹkan, ẹ fi Linux tan án látorí fláàṣì, ẹ lo ddrescue, ètò tó ń kó nǹkan kúrò lórí disk tó ń kú, ibi tó dáa ló máa kọ́kọ́ kó kó tó padà sí ibi tó le, ó sì ní fáìlì tó fi ń rántí ibi tó dé, tí NEPA bá mú iná lọ ẹ máa bá a lọ níbẹ̀. Kẹ́ ẹ ṣáà ṣọ́ra, nínú àṣẹ tẹ́ ẹ máa tẹ̀, disk tẹ́ ẹ ń kó ló máa ṣáájú, èyí tẹ́ ẹ ń kó sí á tẹ̀ lé e, ẹ má yí i padà.

Tó bá jẹ́ pé ó ti kú lóòótọ́, SSD, irú disk tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ni kẹ́ ẹ rà fún Windows. Tó bá sì pọn dandan kó jẹ́ hard disk tòkúnbọ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣí CrystalDiskInfo níwájú yín kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo ìlà 09, wákàtí tó ti lò ló wà níbẹ̀, 8,760 ni ọdún kan gbáko láìsinmi, èmi kì í ra èyí tó bá ti kọjá 30,000.