Ẹ Bi Àǹtí Kátékísì: Sààrì Láàárọ̀, Ọ̀nà Àgbélébùú Nírọ̀lẹ́

Ẹ kú àwẹ̀ o gbogbo ilé, ẹ sì kú ooru tá à ń bá yí. Lẹ́tà yín pọ̀ lóṣù yìí, ìgbà Lẹ́ńtì, ìyẹn ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ni nǹkan tó ń jẹ èèyàn lọ́kàn máa ń jáde síta. Mo mú mẹ́rin. Èyí tó gbẹ̀yìn ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kan gbogbo pááríṣì tó wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, kì í ṣe ti ẹni tó kọ ọ́ nìkan.

*Àǹtí, mo fẹ́ se ìkọ́kọrẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi pọ̀nmọ́ sí i, pé awọ lásán ni, kì í ṣe ẹran. Ṣé òótọ́ ni? Ìyá Bọ̀dé, Ìjẹ̀bú-Igbó*

Ìyá Bọ̀dé, ara màlúù náà ni pọ̀nmọ́ ti wá, àwa Kátólíìkì kì í sì í jẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì nínú Lẹ́ńtì, ẹ jẹ́ kó di Sátidé. Ìkọ́kọrẹ́ tiẹ̀ kọ́ ló yẹ kó fún wa ní wàhálà lọ́jọ́ Ẹtì, ṣebí ẹja ló ń mú un dùn. Ẹ jẹ́ kí ata, epo pupa, edé àti ẹja yíyan hó dáadáa kẹ́ ẹ tó máa fọwọ́ bu ewùrà tẹ́ ẹ rin sí i, ẹ má rò ó lójú ẹsẹ̀, ẹ dé e kó fúnra ẹ̀ jinná kó lè ní kókó nínú. Owó pọ̀nmọ́ tẹ́ ẹ yọ yẹn ńkọ́? Ẹ má fi ra nǹkan míì o, inú àpótí àwọn aláìní ni kó lọ. Àwọn ẹgbẹ́ Saint Vincent de Paul tó wà ní pááríṣì yín mọ ilé tí wọn ò ti dáná láti àná.

*Ọmọ mi, mo ti di ẹni ọdún 71, ọgbẹ́ inú ń dà mí láàmú, dókítà ní mi ò gbọdọ̀ febi pa inú. Àtikékeré ni mo ti ń gbààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ojú wá ń tì mí pé mò ń jẹun. Ẹsẹ̀ ò tún jẹ́ kí n lè dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ó ti pẹ́ tí mo ti gba Ara Olúwa kẹ́yìn. Bàbá Àgbà, Ìpẹru*

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun. Òfin ìjọ fúnra ẹ̀ ní ẹni tó ti pé ọdún 18 títí dé 59 ni ààwẹ̀ wà fún, ẹ ti kọjá ibẹ̀ láti bí ọdún méjìlá, kó tó wá di pé a dárúkọ àìsàn. Ọjọ́ méjì péré náà sì ni òfin ọ̀hún mú, Ọjọ́rú Eléérú àti Ẹtì Mímọ́, oúnjẹ kan tó yó'ni lóòjọ́, pẹ̀lú kékeré méjì tí ò tó oúnjẹ gidi. Ti ẹran tá ò ń jẹ lọ́jọ́ Ẹtì nìkan ni kò lópin ọjọ́ orí, látọmọ ọdún 14 ló ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹni tára ẹ̀ ò yá, ìjọ ò di ẹrù rù ú. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ lo oògùn yín, kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Ti Ara Olúwa, oúnjẹ mímọ́ tá à ń gbà ní Mísà, ló dùn mí jù nínú lẹ́tà yín. Ẹ rán ọmọ yín kan sí ọ́fíìsì pááríṣì lónìí, kó lọ kọ orúkọ yín àti ojúlé yín sílẹ̀, Fádà tàbí ẹni tí wọ́n yàn fún un á máa gbé e wá bá yín. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kékeré, ẹ gbé àgbélébùú àti àbẹ́là sí i, ó ti tó. Ẹ má sì da ara yín láàmú pé ẹ ti mu ògì kí wọ́n tó dé, wákàtí kan tá à ń fi sílẹ̀ láìjẹun ká tó gbà á, kò kan arúgbó àti aláìsàn, kò kan ẹni tó ń tọ́jú wọn náà. Kódà lọ́jọ́ Ẹtì Mímọ́ tí kò sí Mísà rárá, wọ́n lè gbé e wá fún yín.

Mo tún fẹ́ bẹ̀ yín níṣẹ́ kan bàbá. Ẹ ní kí ọmọ tẹ́ ẹ bá rán bá yín gba orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi lálẹ́ Àìsùn Àjíǹde, ìyẹn alẹ́ Sátidé tó ṣáájú Sọ́ńdè Àjíǹde, ní pááríṣì yín, kẹ́ ẹ máa fi rosary yín dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sílé yìí lẹ ráyè ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ka lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, ẹ máa rí ẹni tó nílò ẹ̀.

*Ẹ n lẹ́ mà. Lórí fóònù, àwọn tó wà lókè òkun máa ń sọ pé Àjíǹde ni ọdún ìgbà ìrúwé, òdòdó, koríko tútù. Àwa ò ní ìgbà ìrúwé níbí, kí ló kàn wá níbẹ̀? Kí ló tún dé tí ọjọ́ ẹ̀ kì í dúró sójú kan bíi Kérésì? Ọ̀dọ́, Ìjẹ̀bú-Òde*

Àbúrò, oṣù tó wà lójú ọ̀run ló ń gbé ọjọ́ yẹn kiri. Látìgbà ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea lọ́dún 325 ni ìjọ ti fẹnu kò pé ọjọ́ kan náà ni kí gbogbo Kristẹni máa ṣe é, òfin tá a sì ń tẹ̀ lé ni pé ká ka 21 oṣù Kẹta, ká dúró de òṣùpá tó bá kún lọ́jọ́ yẹn tàbí lẹ́yìn ẹ̀, Sọ́ńdè tó bá tẹ̀ lé òṣùpá yẹn ni Àjíǹde. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í yá ju 22 oṣù Kẹta lọ, tí kì í sì í pẹ́ ju 25 oṣù Kẹrin. Lọ́dún 2026 yìí, 5 oṣù Kẹrin ló bọ́ sí.

Àmọ́ tó o bá ní kò sí ìgbà ìrúwé níbí, jáde síta kó o wò ó. Ọyẹ́ ti lọ, ilẹ̀ tó ti le bí òkúta ti gba àkọ́rọ̀ òjò kan tàbí méjì, òórùn ilẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbẹ̀ tó ti ṣán oko sílẹ̀ ń wo ojú ọ̀run kí wọ́n lè gbin àgbàdo, àgbálùmọ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, máńgòrò ń wọlé. Tèmi kì í ṣe ti yìnyín tó ń yọ́, mi ò rí i rí, àmọ́ mo mọ bó ṣe máa ń rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì òjò àkọ́kọ́, tí ibi tó pọ́n láná á kàn ṣàdédé léwé. Tí wọ́n bá ń ka ìwé ìṣẹ̀dá ayé nínú òkùnkùn lálẹ́ Àìsùn, ibẹ̀ lọkàn mi máa ń lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ niṣẹ́ sì pọ̀ sí lọ́wọ́ ní àkókò yìí, mi ò ní fi bò. Ìmọ̀ ọ̀pẹ tá a máa gbé lọ́jọ́ Sọ́ńdè Ọ̀pẹ, ta ló máa gùn ún? Ẹ gé tàwọn ìyá àgbà náà, ẹ gbé e dé ilé wọn. Ti èṣí tó ti gbẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ti yà á sí mímọ́, a kì í jù ú sórí ààtàn, ẹ máa kó o jọ wá sí pááríṣì, òun ni wọ́n ń sun tó ń di eérú tí wọ́n fi ń sàmì sí wa níwájú orí. Kí òjò tó dé tán, ẹ wá ilé arúgbó tí gọ́tà iwájú ẹ̀ ti dí, ẹ kó o.

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa mà. Mò ń ṣe kíláàsì ìrìbọmi látọdún tó kọjá, Àìsùn Àjíǹde yìí ni wọ́n máa rì mí bọmi. Mùsùlùmí lọkọ mi, kò bá mi jà rí lórí ẹ̀, àmọ́ àwẹ̀ méjèèjì tún wọnú ara wọn lọ́dún yìí. Aago mẹ́rin ni mò ń jí se sààrì, n óò lọ sọ́jà, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ni àdúrà Ọ̀nà Àgbélébùú, ìyá ọkọ mi wá ń bi mí pé ta ló máa gbé oúnjẹ ìṣínu kalẹ̀ fọ́mọ òun. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ sì ni bí mo ṣe ń se ẹran fún wọn lọ́jọ́ Ẹtì? Èyí tó burú jù, mi ò tíì rí gọ́dìmọ́dà tó máa dúró tì mí níbi ìrìbọmi. Gbogbo èèyàn nínú ìjọ ló ń rẹ́rìn-ín sí mi, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mi. Ìyá Ìbejì, Ṣágámù*

Ìyá Ìbejì, àbúrò mi, mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta, omi lé sí mi lójú.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kẹ́ ẹ se ẹran fún ẹni tó fẹ́ ṣínu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì ṣèrìbọmi gan-an, òfin yẹn ò tíì mú yín. Tó bá wù yín kẹ́ ẹ ti máa fi kọ́ra, ẹ fi ẹja jẹ tiyín láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀, kẹ́ ẹ bu ẹran fún wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Bí wọ́n bá rí oṣù bí wọ́n ṣe ń retí ẹ̀, Ìtúnu Ààwẹ̀ tiẹ̀ lè bọ́ sí Ẹtì, 20 oṣù Kẹta, tiyín á sì ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ bá wọn dáná ọdún ọ̀hún dáadáa, ẹ gbé abọ́ fún aládùúgbò, ẹ má fajú ro síbẹ̀.

Ti màmá, ẹ má bá wọn jiyàn. Oòrùn wa níbí, nǹkan bí aago méje ló ń wọ̀ lóṣù yìí, ibùdó 14 tó wà lójú Ọ̀nà Àgbélébùú kì í sábà gbà tó wákàtí kan, tẹ́ ẹ bá jáde níbẹ̀ lẹ ó tètè délé. Ẹ se ọbẹ̀ sílẹ̀ látàná, ẹ rẹ ẹ̀wà àkàrà sílẹ̀ láàárọ̀, kó jẹ́ pé dídín ló kù. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé, màmá, mò ń bọ̀, mo ti ro ògì sílẹ̀, aago báyìí ni n óò dé. Kẹ́ ẹ sì dé ní aago yẹn o. Bó bá ṣe ọ̀sẹ̀ mélòó kan tẹ́ ẹ ń mú ọ̀rọ̀ yín ṣẹ, mo gbà gbọ́ pé ẹnu wọn á rọ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí Fádà mọ bí ẹ ṣe ṣègbéyàwó, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Ohun tí ìjọ ń béèrè wà lórí ìgbéyàwó Kátólíìkì pẹ̀lú ẹni tí kò ṣèrìbọmi, bíṣọ́ọ̀bù lòfin sì fún lágbára láti yọ̀ǹda ẹ̀. Kí bàbá ìbejì náà tẹ̀ lé yín lọ kó gbọ́ ọ létí ara ẹ̀.

Ó wá kan gọ́dìmọ́dà, ẹ̀yin ọmọ ìjọ ni mò ń bá wí báyìí, kì í ṣe Ìyá Ìbejì. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Lẹ́ńtì ni wọ́n pe orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi síta, tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Sọ́ńdè kẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún, a óò tún gbàdúrà àkànṣe lé wọn lórí, ọdún yìí sì ni ìwé ìhìnrere obìnrin ará Samáríà létí kànga, ti afọ́jú, ti Lásárù, torí tiwọn ni wọ́n ṣe ń kà á. Gbogbo wa máa dáhùn pé Olúwa gbọ́ àdúrà wa, tí Mísà bá tán, oníkálùkù á wá ọ̀kadà tiẹ̀. Ẹ ò bèèrè ilé wọn. A dá ẹgbẹ́ oríṣiríṣi sílẹ̀, a dá aṣọ, a ṣe bàsáà, ẹnì kan wá ń dá nìkan rìn lọ sídìí omi ìrìbọmi láàárín wa. Èmi náà jẹ̀bi, torí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹni mẹ́ta ni mo kọ́ ní kíláàsì tí mi ò mọ̀nà ilé wọn títí wọ́n fi ṣèrìbọmi, ẹyọ kan ò wá sí Mísà mọ́ kó tó di Pẹ́ńtíkọ́ọ̀sì. Mi ò gbàgbé ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹyọ kan ti tó. Kó ti pé ọdún 16 ó kéré tán, kó jẹ́ Kátólíìkì tó ti gba sákírámẹ́ǹtì Ìfẹsẹ̀múlẹ̀ àti Ara Olúwa, tí ìgbésí ayé ẹ̀ sì bá a mu, kó má jẹ́ ìyá tó bí yín. Ẹ má wá olówó tó máa ra aṣọ funfun fún yín o. Ẹ wá ẹni tó ń tajà nítòsí ibi tẹ́ ẹ ti ń tajà, tó lè rí i lójú yín tí inú yín ò bá dùn. Ẹ sọ fún kátékísì yín lọ́sẹ̀ yìí, tí wọ́n bá ní kò sẹ́nì kankan, ẹ kọ̀wé sí mi padà.

Tẹ́nikẹ́ni bá sọ pé ilé Mùsùlùmí lẹ ti wá, ẹ rán wọn létí pé nígbà tí wọ́n dá dáyọ́sísì Ìjẹ̀bú-Òde sílẹ̀ lọ́dún 1969, Anthony Saliu Sanusi ni bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Saliu, Sanusi, wọn ò yọ orúkọ náà kúrò.

Ẹ jẹ́ n sọ bí alẹ́ yẹn ṣe máa ń rí. Ìta la ti ń dáná. Fádà á fín ọdún tá a wà sára àbẹ́là ńlá náà, á ki tùràrí márùn-ún bọ̀ ọ́ lára, a óò sì máa gba iná lára ẹ̀ látọwọ́ dé ọwọ́ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣókùnkùn. Lọ́dún kan, bá a ṣe ń tan iná lọ́wọ́ báyìí ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi ń fọwọ́ bo iná orí àbẹ́là ẹ̀, ìda ń kán sí i lọ́wọ́, kò jẹ́ fọwọ́ kúrò. Ọkùnrin kan jáde látẹ̀yìn, ó fi fìlà ẹ̀ sábíyá, ó ṣí agbòjò lé e lórí, ó sì ń bá a rìn díẹ̀díẹ̀ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn, òjò ń pa òun. Ọkọ ẹ̀ ni. Mùsùlùmí ni. Ó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn yẹn títí a fi parí.

Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ní kí bàbá ìbejì mú agbòjò dání.