Oúnjẹ Ìjẹ̀bú fáwọn ọmọ tá a bí sókè òkun, ẹ kọ́kọ́ bèèrè edé

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin òbí, à ń bọ̀ nílé ní Dìsẹ́ńbà, a fẹ́ ti Èkó lọ lo wíkẹ́ńdì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níbi tí bàbá wọn ti wá. Manchester la bí àwọn ọmọ sí, ìkan 12, ìkan 9. Kí ni wọ́n lè jẹ níbẹ̀?

Èsì: Àǹtí mi, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o. Ìkọ́kọrẹ́ náà ni, ẹ ò lè dé Ìjẹ̀bú kẹ́ ẹ má jẹ ẹ́, ewùrà tí wọ́n rin tí wọ́n ń bù díẹ̀díẹ̀ sínú ata àti epo tó ń hó, kókó inú ẹ̀ yẹn gan-an ló dùn. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gbé e síwájú wọn, ẹ bèèrè edé.

Ọmọ mi ọkùnrin ò ju ọdún 8 lọ nígbà yẹn. Màmá mi ti jí láàárọ̀ kùtù, wọ́n rin ewùrà, wọ́n rọ́ edé sí i dáadáa bí wọ́n ṣe máa ń sè é, ọmọ jẹ ẹ́, ó tún ní kí wọ́n bù sí i, inú gbogbo wa ń dùn. Kò pẹ́ ló ní ọ̀fun ń yún òun, a rò pé ewùrà ni, kí n tó yíjú padà ètè ẹ̀ ti wú, ojú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, ó ń mí gúlegúle. Ọ̀kadà la gbé dé ọsibítù. Ọlọ́run ló yọ wá, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, ó rọlẹ̀. Nígbà tá a padà sí Houston ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n ní ara ẹ̀ ò gba edé.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé báwo ni mi ò ṣe mọ̀. Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀? Ilé alájà là ń gbé, tẹ́ ẹ bá se edé lẹ́ẹ̀kan aládùúgbò á lọ fẹjọ́ sùn, mo ṣáà gbàgbé ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ò fẹnu kan edé rí! Ó ń dùn mí, mi ò purọ́.

Èyí tí ò tíì kúrò lọ́kàn mi ni pé màmá mi ò se nǹkan kan fún un mọ́. Ìrẹsì funfun àti ẹyin ni, wọ́n á wá jókòó máa wo ẹnu ẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Mo ní kí wọ́n se ìkọ́kọrẹ́ tí ò ní edé, ẹja nìkan, wọ́n ní rárá. Ọmọ náà fúnra ẹ̀, tó bá ti rí epo pupa báyìí, á ti sún àwo sẹ́yìn.

Èyí tó kù ò le. Òjòjò, ewùrà náà ni wọ́n fi ń dín in, ọmọdé fẹ́ràn ẹ̀ tó bá ṣì gbóná, ẹ ṣáà bèèrè ohun tí wọ́n ti dín nínú epo yẹn ṣáájú. Èbìrìpò tí wọ́n fi kókò ṣe, kó jinná dénú torí kókò máa ń yún ọ̀fun. Gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ rà á lọ́jà Òkè-Ajé, omi tútù, súgà, ẹja díndín, ó máa kan o, ẹ kọ́kọ́ fún wọn níwọ̀nba, kẹ́ ẹ sì gbé ẹ̀pà sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí dókítà yín yẹ̀ wọ́n wò fún edé àti ẹ̀pà kẹ́ ẹ tó wọ fláìtì. Tí ìyá ọkọ yín bá wà láyé, ẹ tètè pè wọ́n, kí wọ́n ti mọ ohun tí ọmọ ò gbọ́dọ̀ jẹ kí wọ́n tó gbé ìkòkò kaná.